Kíndìnrín Mi, àti Ohun Tí Mo Fi Pamọ́ fún Dókítà

Ẹ̀yin tí dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún pé kíndìnrín yín ò ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Mo mọ bó ṣe rí lára yín lónìí. Ẹ ń wo ìwé àyẹ̀wò náà, ẹ sì ń rò pé bóyá ìwé ẹlòmíì ni wọ́n gbé fún yín. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀. Ìgbà mẹ́ta ni mo tún orúkọ ara mi kà lórí ìwé yẹn. Mo wo ọjọ́ orí tí wọ́n kọ síbẹ̀, ọdún mọ́kànlélógójì. Èmi ni.

Tíṣà ni mí. Kíláàsì kẹrin ni mò ń kọ́ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba kan ní Ìkọ̀tún. Ọmọ Èkìtì ni mí, Baruwa ni èmi àti ọkọ mi háyà ilé sí, ọmọ méjì la bí: Bùkọ́lá, tó jẹ́ obìnrin, àti Ṣeun àbúrò rẹ̀ ọkùnrin. Mi ò mutí, mi ò fa sìgá. Mínírà kì í wọ inú firíìjì wa àfi tí àlejò bá ń bọ̀. Èmi ni mo máa ń sọ fáwọn ẹlẹgbẹ́ mi níbi iṣẹ́ pé kí wọ́n dín òróró kù, kí wọ́n máa fẹsẹ̀ rìn. Èmi ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ ìlera! Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ṣì ń yà mí lẹ́nu títí di bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Ojú ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Tí mo bá jí láàárọ̀, ìpéǹpéjú mi á ti wú bíi ti ẹni tó sunkún sùn. Tó bá fi máa di ọ̀sán, á ti lọ sílẹ̀. Mo ní àìsùn tó ni. Lọ́jọ́ kan, ọmọbìnrin kan tó máa ń jókòó níwájú nínú kíláàsì mi wò mí títí, ó ní, "Àǹtí, ṣé ẹnì kan nà yín ni?" Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, ó kan ẹsẹ̀. Tó bá ti di ìrọ̀lẹ́, bàtà tí mo ti ń wọ̀ bọ̀ láti ọdún méjì kì í gba ẹsẹ̀ mi mọ́, ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í wọ sílípáàsì nínú kíláàsì. Tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi kan fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. "Àbí ẹ̀kẹta ti wà lọ́nà ni? Ẹ má fi pamọ́ fún wa o, jàre."

Ìtọ̀ mi náà ń hó. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ èyí, torí kò sẹ́ni tó sọ fún mi rí. Ó ń hó bí omi ọṣẹ, ìfófòó náà kì í sì í tètè lọ, kódà tí mo bá da omi sí i. Mo rò pé ọṣẹ tí Bùkọ́lá fi ń fọ tọ́ílẹ́ẹ̀tì ni. Mo tiẹ̀ bá a wí pé kó máa fi omi ṣàn án dáadáa.

Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù olóògùn àdúgbò wa. Ọkùnrin tó ń tà níbẹ̀ ò yẹ ohunkóhun wò, ó ní ibà àti taifọ́ọ̀dù ni, ó di oògùn fún mi. Mo lò ó tán, mo tún padà lọ gba òmíràn. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí mo fi ń tan ara mi báyẹn. Bàbá Bùkọ́lá, ọkọ mi, ló fi dandan lé e níkẹyìn pé ká lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba.

Aago mẹ́fà àárọ̀ la débẹ̀, orí bẹ́ǹṣì ti kún. Gbígba káàdì ní ìlà tiẹ̀, wíwọn ẹ̀jẹ̀ ríru ní ìlà tiẹ̀, rírí dókítà ní ìlà tiẹ̀. Aago méjìlá kọjá ká tó wọlé. Dókítà náà, obìnrin ni, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ọdún mẹ́wàá jù ú lọ. Ó fi àtàǹpàkò tẹ ojúgun mi, ó sì mú ọwọ́ kúrò. Ibi tó tẹ̀ jin kòtò, kò sì padà. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń wo kòtò náà. Ó ní kí n lọ tọ̀ sínú ike kékeré kan wá. Nọ́ọ̀sì ti bébà tẹ́ẹ́rẹ́ kan bọ̀ ọ́, àwọ̀ bébà náà yí padà lójú ẹsẹ̀, nọ́ọ̀sì sì wo ojú dókítà. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ mi, wọ́n ní ká padà wá lọ́jọ́ kẹta.

Lọ́jọ́ kẹta, dókítà ní, "Kíndìnrín ló ní ìṣòro o, mà."

Ọkọ mi ní, "Kíndìnrín ta?"

"Tìyàwó yín, sà."

"Ìyàwó mi tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọlé níbí yìí?"

Dókítà ṣàlàyé pé kíndìnrín dà bí asẹ́ nínú ara, pé ó yẹ kó di ohun tó dára mú sínú ẹ̀jẹ̀ kó sì jẹ́ kí ìdọ̀tí jáde. Tèmi ti ń jò, ohun tó dára ń bá ìtọ̀ lọ. Ó ń sọ̀rọ̀ lọ, ṣùgbọ́n ariwo fáànù nìkan ni mò ń gbọ́. Mo mọ arákùnrin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa tí wọ́n máa ń gbé lọ síbi ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀, mo sì mọ bí ọ̀rọ̀ tiẹ̀ ṣe parí. Mo ń rò ó pé Ṣeun ò tíì lè dá aṣọ ilé ìwé rẹ̀ fọ̀.

Dókítà wá bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí ní ìbéèrè. "Ṣé ẹ máa ń mu àgbo?" Rárá. "Oògùn ara ríro ńkọ́, ṣé ẹ máa ń lò ó lóòrèkóòrè?" Rárá. "Àtọ̀gbẹ tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru nínú ẹbí?" Rárá. Ó wo ọwọ́ mi lórí tábìlì, ibi oríkèé ìka tó dúdú ju ìyókù lọ.

"Kí lẹ fi ń para, mà?"

"Ìpara lásán ni. Àti òróró àgbọn."

"Kò sí èyí tí ẹnì kan pò fún yín?"

"Kò sí."

Irọ́ ni mo pa. Ọkọ mi jókòó tì mí, ó ń mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín báyìí. Nígbà yẹn, ó ti tó ọdún mẹ́fà tí mo ti ń ra ìpara lọ́wọ́ obìnrin kan ní Ẹ̀gbẹ́dá, Àǹtí Rónkẹ́ la máa ń pè é. Inú abọ́ ike ló ti ń po ìpara mẹ́ta mẹ́rin pọ̀, á da ìyẹ̀fun funfun kan sí i, á fi igi rò ó, á sì bù ú sínú ike tí wọn ò kọ nǹkan kan sí lára. Dúdú ni wọ́n bí mi. Nígbà tí mo dé Èkó, tí wọ́n fi mí sí ilé ìwé tí àwọn tíṣà ibẹ̀ ń dán, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara mi bíi pé mi ò wẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá sọ pé mò ń bóra, ìjà la máa jà. "Mi ò bóra o, mo kàn ń tón ni," bá a ṣe máa ń sọ ọ́ nìyẹn. Nílé, inú ike ìpara lásán ni mo máa ń kó o sí kí ọkọ mi má bàa mọ̀. Èyí tó tì mí lójú jù ni pé èmi ni olórí ẹgbẹ́ obìnrin nínú ìjọ wa, mo sì ti dìde rí níwájú àwọn ọ̀dọ́bìnrin, mo ní kí wọ́n fi ara wọn sílẹ̀ bí Ọlọ́run ṣe dá a. Báwo ni mo ṣe fẹ́ la ẹnu lójú ọkọ mi? Àti pé, lóòótọ́ lóòótọ́, mi ò gbà pé ohun tí mo fi ń pa ara lè dé kíndìnrín. Mi ò kúkú mu ún.

Dókítà fún mi ní oògùn tí á fa omi tó wà lára mi àti èyí tí á mú kí ẹ̀jẹ̀ mi má ru. Ó ní kí n jáwọ́ nínú iyọ̀, kí n má mu àgbo kankan, kí n máa wá ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì.

Kò pẹ́ tí ẹbí fi gbọ́. Ìyá mi dé láti Èkìtì pẹ̀lú ìgò àgbo mẹ́rin nínú báàgì. Bàbá Bùkọ́lá ò jẹ́ kó kúrò ní pálọ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, Màámi. Wọ́n ní a ò gbọ́dọ̀ fún un ní àgbo."

"Dókítà wo ló mọ ara ọmọ mi jù mí lọ? Ṣé òun ló bá mi bí i?"

"Kíndìnrín tó ti rẹ̀ náà ló máa tún sẹ́ àgbo yẹn, mà."

"Àgbo yìí kan náà ni mo fi wò ó dàgbà! Ṣé ó pa á?" Ni omijé bá bọ́ lójú rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní tiẹ̀ pè wá lórí fóònù. Ó ní ká gbé mi lọ sórí òkè àdúrà, kí n gba ààwẹ̀ gbígbẹ ọjọ́ mẹ́ta, láìjẹ láìmu. Alùfáà ìjọ wa ló gbà mí sílẹ̀ lọ́wọ́ èyí. Ó wá kí wa, ó gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó ní, "Ẹ̀yin ẹ lo oògùn yín. Ẹ fi ààwẹ̀ sílẹ̀ fún àwa tí ara wa le." Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè gbà mí lọ́wọ́ ẹkún ìyá mi. Lọ́jọ́ tó yẹ kó padà sílé, mo mu ife àgbo kan ní kíṣíìnì kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀. Ikùn mi wú lọ́jọ́ kejì débi pé mi ò lè bẹ̀rẹ̀. Mi ò mọ̀ bóyá àgbo náà ni tàbí àìsàn náà ló ń le sí i. Ìyá mi fúnra rẹ̀ ló da ìyókù sínú gọ́tà, ó sì dúró tì mí ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko.

Oṣù mẹ́rin kọjá. Mò ń lo oògùn déédéé, mo ti fi iyọ̀ sílẹ̀, síbẹ̀ ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n yẹ̀ wò ń fi hàn pé ó ń burú sí i ni. Dókítà ń wo ìwé náà, ó ń gbọn orí, kò yé e. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nípa ilé ìwòsàn ńlá, nípa ẹ̀rọ. Ní gbogbo oṣù mẹ́rin yẹn, ẹ dákun ẹ má bú mi, mò ń para ní àárọ̀ àti ní alẹ́. Kódà mò ń fi kún un. Mo ní bí ojú mi bá tiẹ̀ wú, kó máa dán.

Ó wá di ọjọ́ Àìkú kan. A ń múra ṣọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́. Bùkọ́lá jáde láti yàrá, ó ń fọwọ́ ra ojú. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni nígbà yẹn.

"Mọ́mì, ojú mi wúwo."

Mo yíjú sí i. Ìpéǹpéjú rẹ̀ méjèèjì wú. Mo kúnlẹ̀, mo gbé yẹ̀rì rẹ̀ sókè, mo fi ìka tẹ ojúgun rẹ̀. Ó jin, kò sì padà. Igbe tí mo ké, àwọn ará ilé òkè sọ̀ kalẹ̀ wá.

A ò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin la jókòó sórí bẹ́ǹṣì yẹn. Nọ́ọ̀sì ti bébà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ ìtọ̀ Bùkọ́lá, ó yí padà bíi tèmi gẹ́lẹ́. Dókítà tún un ṣe, kò gba ojú ara rẹ̀ gbọ́.

Ọkọ mi ní, "Omi kànga wa ni, Dókítà. Ó ní láti jẹ́ omi."

Dókítà ní, "Ṣé ẹ̀yin náà ń mu ún, sà?"

"À ń mu ún."

"Ọmọkùnrin yín ńkọ́?"

"Ó ń mu ún."

Ó yẹ ìtọ̀ ọkọ mi àti ti Ṣeun wò. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ó jókòó, ó ka ọwọ́ lé ara wọn. "Inú ìkòkò kan náà lẹ ti ń jẹun. Omi kan náà lẹ̀ ń mu. Kí ló wà nínú ilé yẹn tó jẹ́ pé ẹ̀yin méjèèjì nìkan lẹ̀ ń lò ó?"

Mo wo ọmọ mi. Mo wá rí i, bí ẹni pé mi ò rí i láti ọdún kan, pé ọrùn rẹ̀ ti pupa ju ọwọ́ rẹ̀ lọ. Mi ò mọ bí mo ṣe fa ike náà yọ nínú báàgì mi, torí mi kì í jáde láìgbé e dání. Mo gbé e sórí tábìlì.

"Bùkọ́lá, ṣé o ti ń bù nínú èyí?"

Ó bú sẹ́kún. "Ẹ má bínú, Mọ́mì. Wọ́n ń pè mí ní èédú ní ilé ìwé. Mo fẹ́ dà bíi yín ni."

Mo ti gbọ́ ohun tó dunni láyé mi, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó gún mi tó gbólóhùn yẹn. Ibẹ̀ ni mo ti sọ gbogbo rẹ̀, lójú dókítà, lójú nọ́ọ̀sì, lójú ọkọ mi. Ọdún mẹ́fà. Àǹtí Rónkẹ́. Ìyẹ̀fun funfun. Irọ́ tí mo pa.

Ọkọ mi dìde, ó jáde. Mo rò pé ó ti lọ ni. Nígbà tá a jáde, ó wà lábẹ́ igi kan níwájú ibi ìgbọ́kọ̀sí, ó fọwọ́ lẹ́rán. Kò pariwo mọ́ mi. Ohun tó sọ ò ju èyí lọ: "Ìyá Bùkọ́lá, dúdú ni mo bá ẹ. Dúdú ni mo fẹ́ ẹ." Ó sì mú ọwọ́ ọmọ rẹ̀.

Wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ wa méjèèjì ránṣẹ́ síbi àyẹ̀wò tó jìnnà. Èsì rẹ̀ ni pé oró kan náà ló wà lára wa, oró tí wọ́n máa ń fi sínú irú ìpara bẹ́ẹ̀ kí ara lè tètè pupa. Ó ń gba awọ ara wọlé, ó sì ń lọ jókòó sínú kíndìnrín. Dókítà ní ti Bùkọ́lá ò tíì pẹ́. Ó jáwọ́ níbẹ̀, wọ́n fún un ní oògùn, ojú rẹ̀ tó wú sì lọ sílẹ̀ kí táàmù yẹn tó parí. Kó tó di ọdún tó tẹ̀ lé e, ìtọ̀ rẹ̀ ti mọ́ gaara. Tèmi ti pẹ́ jù. Jíjò náà dín kù gan-an nígbà tí mo dáwọ́ dúró, kò sẹ́ni tó tún sọ̀rọ̀ ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n ibi tó ti bàjẹ́ ti bàjẹ́.

Mo lọ bá Àǹtí Rónkẹ́. Mo fi ìwé àyẹ̀wò hàn án. Ó wò ó, ó wo ẹ̀yìn mi, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ọ́ sókè, oníbàárà wà ńlẹ̀." Nígbà tí mo ní kí òun náà lọ yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò, ó ní òun ò ráyè. Mo yí sí àwọn obìnrin méjì tó dúró ti ṣọ́ọ̀bù náà, mo sọ fún wọn. Ọ̀kan kúrò. Èkejì rà á lójú mi.

Bí mo ṣe ń gbé ayé mi nìyí báyìí. Iyọ̀ tó ń wọ ọbẹ̀ wa ò ju fífi ìka méjì bù lọ, magí ò sì wọ ilé wa mọ́. Irú, àlùbọ́sà, atalẹ̀ àti ewé efinrin ni mo fi ń wá adùn. Oṣù àkọ́kọ́ le. Ṣeun á tọ́ ọbẹ̀ wò, á ní, "Mọ́mì, ṣé ẹ gbàgbé ni?" Ní báyìí, tó bá jẹun níta, ó máa ń ní iyọ̀ ti pọ̀ jù. Mo kẹ́kọ̀ọ́ pé iyọ̀ ń sá pamọ́ sínú búrẹ́dì, sínú ẹja gbígbẹ oníyọ̀, sínú gbogbo ohun tó wà nínú ọ̀rá. Ẹran tí mò ń jẹ ò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ, dókítà ò sì ní kí n fi í sílẹ̀ pátápátá. Àwọn kan ní kí n máa mu omi púpọ̀ kó lè fọ kíndìnrín mi. Ẹ má ṣe é láìbéèrè. Dókítà mi ló sọ ìwọ̀n tí èmi lè mu, tiyín lè yàtọ̀. Mo ní ẹ̀rọ kékeré tí mo fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru láràárọ̀, inú ìwé ni mò ń kọ ọ́ sí. Tí mo bá ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́, mo máa ń sọ̀ kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ kí n tó délé, màá sì fẹsẹ̀ rin ìyókù. Orí ìbáà máa fọ́ mi, mi ò ra oògùn fúnra mi mọ́. Ó ń náni lówó, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni tàn yín. Ilẹ̀ tá à ń rà díẹ̀díẹ̀ la fi sílẹ̀ ká lè máa ra oògùn.

Ara mi dúdú padà, kò dọ́gba, ó ní àbàwọ́n níbìí àti lọ́hùn-ún. Ọ̀gá ilé ìwé wa pè mí, ó ní, "Kí ló dé? Ẹ kàn dúdú bírí." Mo sọ ohun tó dé fún un. Mo sọ fún ẹgbẹ́ obìnrin pẹ̀lú, mo sì gbé ipò olórí sílẹ̀. Wọn ò gbà á. Wọ́n ní kí n jókòó síbẹ̀ kí n máa sọ ọ́.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú lọ ni pé tí dókítà bá bi yín ní ìbéèrè, ẹ dáhùn. Bó bá jẹ́ ojú ọkọ yín tàbí ìyàwó yín ló ń tì yín, ẹ ní kí wọ́n bọ́ síta. Oṣù mẹ́rin ni mo fi dákẹ́ lórí ìbéèrè kan ṣoṣo, nínú oṣù mẹ́rin yẹn ni ọmọ mi kó o.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá ni mo lọ fún àyẹ̀wò kẹ́yìn. Dókítà ní, "Kò tíì padà sípò o, mà, kò sì ní padà tán. Ṣùgbọ́n ó ti tó ọdún kan tí kò burú sí i." Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Láti ibẹ̀, mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí ilé ìwé, mo dé kí wọ́n tó lu agogo ìsinmi. Ariwo àwọn ọmọ kíláàsì mi ti gba gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo gbé báàgì sílẹ̀, mo pa pátákó rẹ́. Ìṣirò ló kàn.